Irin Ibùdókọ̀ Àtijọ́: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ohun kan bá wà nílẹ̀, tí kò sí ẹni tí ń lò ó, tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, tí ó sì ti pẹ́ níbẹ̀, ṣé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé e lọ sílé ni ó ni ín? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú mi béèrè.

Onígbòló ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n abúlé ìyá mi wà láàárín Ṣakété àti Pọ̀bẹ́. Létí abúlé náà ni ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró nígbà kan rí. Kì í ṣe ibùdókọ̀ ńlá bí ti Pọ̀bẹ́. Ilé kékeré kan ni, tí wọ́n fi bíríkì kọ́, tí wọ́n fi páànù bò. Bẹ́ńṣì kan wà níwájú rẹ̀, igi máńgòrò méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè lókèèrè, àwọn obìnrin á gbé igbá wọn rù, wọ́n á sáré lọ síbẹ̀. Àwọn kan ń ta ọsàn. Àwọn kan ń ta ẹ̀pà. Ìyá ìyá mi ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà. Kò mọ aago kà. Fèrè ọkọ̀ ni aago rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dáná kí àkàrà lè gbóná nígbà tí ọkọ̀ bá dé.

Ọjọ́ pẹ́ tí ọkọ̀ náà kò ti dé mọ́. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ lónìí, ògiri ni ẹ ó rí. Páànù ti lọ. Ilẹ̀kùn ti lọ. Bẹ́ńṣì ti lọ. Irin gígùn méjì tí ọkọ̀ ń gbà kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni irin ìdábùú tí ó wà lábẹ́ wọn. Igi máńgòrò nìkan ni ó ṣì ń so.

Níbo ni irin wọ̀nyí lọ? Kò jìnnà. Ẹ kàn rìn yí abúlé ká. Ọ̀kan wà lórí gọ́tà níwájú ilé kan, òun ni wọ́n ń tẹ̀ kọjá. Ọ̀kan di òpó ilé ewúrẹ́. Alágbẹ̀dẹ ń lu ọkọ́ lórí èyí tí wọ́n gé kúrú. Méjì wà níwájú ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n tò pọ̀ bí ìjókòó. Èmi fúnra mi ti jókòó lórí wọn jẹun láìmọye ìgbà, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé ta ni ó ni wọ́n.

Ó yẹ kí a mọ bí irin náà ṣe dé ilẹ̀ wa kí a tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Ìjọba Faransé ni ó la ọ̀nà irin náà láti Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, gba Ṣakété. Ní ọdún 1913 ó dé Pọ̀bẹ́. Ní 1930 wọ́n so ó mọ́ Kútọnu. Láti Kútọnu dé Pọ̀bẹ́ jẹ́ kìlómítà 107. Mítà kan péré ni àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì. Kì í ṣe nítorí kí ìyá àgbà lè ta àkàrà ni wọ́n ṣe là á. Epo pupa àti ekuro ni wọ́n ń wá. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa, ẹ sì mọ̀ pé ní Pọ̀bẹ́ ni wọ́n dá ibi ìwádìí lórí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní 1922. Ọkọ̀ ojú irin ń kó ekuro lọ sí etíkun, ó sì ń kó iyọ̀, aṣọ àti ènìyàn bọ̀.

Ta ni ó ṣe iṣẹ́ náà? Ní ayé ìgbà náà, ìjọba Faransé máa ń mú àwọn ènìyàn ṣe iṣẹ́ ọ̀nà àti ojú irin tipátipá káàkiri ilẹ̀ tí ó gbà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfríkà. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ọba tàbí baálẹ̀ pé kí ó kó ọkùnrin wá. Ẹni tí kò bá lọ, ìyà ni. Àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kò gbà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n dìde sí ìjọba Faransé nítorí owó orí, iṣẹ́ tipátipá àti kíkó ọmọ wọn lọ sógun. Ọdún 1946 ni òfin tó fi òpin sí iṣẹ́ tipátipá náà.

Lẹ́yìn èyí, ní 1959, Dahomẹ àti Nìjẹ̀r dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti jọ máa bójú tó ọkọ̀ ojú irin. Dahomẹ gba òmìnira ní 1960, ó sì di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Ọ̀nà títì dára sí i. Tasí àti kámíọ̀n pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni zémíjàn dé, tí ó ń gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí ń pẹ́ lọ́nà kò lè bá wọn díje mọ́. Báyìí ni ó ṣe dín kù, títí ó fi dákẹ́.

Ní ọjọ́ kan, mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé, “Bàbá, irin tí a jókòó lé yìí, ta ni ó fún yín?”

Ó wò mí. Ó ní, “Kò sí ẹni tí ó fún mi. Mo bá a nílẹ̀ ni.”

Mo ní, “Ṣé kò ní olówó ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ka ìdí mẹ́ta fún mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ wọn, nítorí pé kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ẹni tí ó ni irin náà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ju nǹkan sínú igbó, tí kò sì padà wá wò ó, kò lè pe ẹni tí ó ṣà á ní olè. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní àwọn baba wa ni wọ́n fi ọ̀ọ̀gùn wọn ṣe ọ̀nà náà, wọn kò sì san owó fún wọn. Ó ní, “Bí mo bá mú irin méjì, ṣé irin méjì tó owó iṣẹ́ bàbá mi?” Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tọ́ka sí yàrá ìyá rẹ̀ tí ó ti kú. Ó ní, “Nígbà tí ọkọ̀ náà kò wá mọ́, oúnjẹ tán lẹ́nu ìyá wa. Ta ni ó wá bẹ̀ ẹ́? Ta ni ó wá sọ fún un pé kí ó má dáná mọ́? Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ó fi ń po ẹ̀wà lilọ̀ tí kò sí ẹni tí yóò rà á. Irin yìí, gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ ni.”

N kò lè fèsì. Mo rántí ìyá àgbà bí ó ṣe ń tẹ́tí sí fèrè tí kò dún. Mo lọ sùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

Èkíní ni pé wọ́n ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní olùtọ́jú yàtọ̀ sí ohun tí kò ní olówó. Bí ènìyàn bá lọ sí ìdálẹ̀, tí koríko hù lójú oko rẹ̀, ṣé oko náà ti di ti aládùúgbò rẹ̀? Àwọn àgbà wa kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á ní kí a dúró de ẹbí rẹ̀, tàbí kí a bi baálẹ̀ léèrè. Ọkọ̀ ojú irin yìí kì í sì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo wa ni a jọ ni ín. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà tí ohun kan bá jẹ́ ti ẹnì kan, ojú ń tì wá láti mú un. Nígbà tí ó bá jẹ́ ti gbogbo wa, olúkúlùkù á ní, “Tèmi náà ni.” Òótọ́ ni, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìrẹ nìkan.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Onígbòló tí ó wà lọ́dọ̀ wa. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ni wọ́n pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982, wọ́n sì kọ́ ọ kí ó lè máa ṣe símẹ́ńtì 500,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Gbogbo wa mọ̀ pé ìwé wà tí ó sọ ìpín tí olúkúlùkù ní nínú rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba gbé e fún àwọn aládàáni. Inú àwọn kan dùn sí i, inú àwọn mìíràn kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn mọ ẹni tí òun lè bi léèrè. Ta ni a lè bi léèrè irin tí ó lọ ní òru?

Èkejì ni ọ̀ọ̀gùn àwọn baba wa. Níhìn-ín, mo gbà pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ẹjọ́ láti rò. Wọ́n fi ipá mú wọn. Gbèsè ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba ta ni? Kì í ṣe bàbá rẹ̀ nìkan ni ó ru yẹ̀pẹ̀. Bàbá aládùúgbò rẹ̀ rù ú. Bàbá opó tí kò ní ọmọkùnrin tí yóò bá a gbé irin wúwo rù ú pẹ̀lú. Nígbà tí pínpín dé, ẹni tí ó lágbára àti ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n rí kó. Opó kò rí nǹkan kan. Bí irin náà bá jẹ́ ogún láti ọ̀dọ̀ àwọn baba wa, a mọ bí a ti ń pín ogún. A ń jókòó ni. A ń pe gbogbo ọmọ. A kì í pín ogún nígbà tí àwọn yòókù ń sùn.

Ẹ̀kẹta ni ti ìyá àgbà. Èyí ni ó dùn mí jù, n kò sì ní parọ́ pé mo rí ìdáhùn rẹ̀ tán. Ẹni tí ó ń jẹun lórí ohun kan ní ẹ̀tọ́ pé kí a sọ fún un kí a tó gbé ohun náà kúrò. Wọn kò sọ fún un. Wọ́n ṣe àìdáa sí i. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò mú irin kan láyé rẹ̀. Títí ó fi kú, ó máa ń lọ gbá abẹ́ igi máńgòrò ní ibùdókọ̀ náà. Nígbà tí a bi í pé kí ni ó ń gbá ibẹ̀ sí, ó ní, “Àwọn ènìyàn ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yé mi nígbà tí òjò ńlá kan rọ̀.

Ẹ mọ̀ pé kí ọkọ̀ ojú irin tó lè rìn dáadáa, wọ́n máa ń kó yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ jọ kí ọ̀nà rẹ̀ lè ga ju ilẹ̀ lọ. Níbi tí omi bá ń ṣàn, wọ́n á ṣe afárá kékeré sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kò rìn mọ́, òkè yẹ̀pẹ̀ náà di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wa. Nígbà òjò, tí gbogbo ọ̀nà yòókù bá di ẹrẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni ó máa ń gbẹ. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń gbé epo gbà lọ sọ́jà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní òkú kò tíì kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yí padà.

Àwọn kan ti kó irin tí ó wà lórí afárá kékeré kan. Àwọn mìíràn wá ṣa òkúta rẹ̀ láti fi kọ́lé. Òjò rọ̀ ní òru, omi gba ibẹ̀, ó sì gé ọ̀nà náà sí méjì. Kò pa ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n fún gbogbo ìgbà òjò náà, àwọn obìnrin tí ó ru epo ń rìn yí ká nínú ẹrẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú, gbogbo epo rẹ̀ sì dà nù. Àwọn ọmọ kékeré jókòó sílé. Aya ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà nínú àwọn tí ń rìn yí ká.

Nígbà náà ni baálẹ̀ pe ìpàdé. Ó ní òun kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a tún afárá ṣe. A nílò irin. Irin kò jìnnà sí wa.” Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Olúkúlùkù ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó kọ́kọ́ dìde. Kò sọ̀rọ̀. Ó lọ sílé, ó mú ọmọ rẹ̀ méjì, wọ́n sì ru irin méjèèjì wá. Ìjókòó wa nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ó ní, “Mo lò ó. Ẹ gbà á.” Ó jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, alágbẹ̀dẹ gbé tirẹ̀ wá. Ẹni tí ó fi irin sórí gọ́tà gbé tirẹ̀ wá. Obìnrin kan tí ó kọ́ ìwé kíkà lágbà, bí ọ̀pọ̀ nínú yín, ń kọ orúkọ olúkúlùkù sínú ìwé kékeré kan, àti iye irin tí ó mú wá. Kò kọ “olè” sí ìwájú orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọ ọ́ pé: ó mú un wá.

Gbogbo irin kọ́ ni ó padà. Àwọn kan sẹ́. Àwọn kan ti tà tiwọn fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, owó rẹ̀ sì ti tán. Irin bẹ́ẹ̀ kò lè padà mọ́. Èyí náà jẹ́ ẹ̀kọ́. Ohun tí a mú lọ sílé, a ṣì lè dá a padà. Ohun tí a tà ní ìkọ̀kọ̀, a ti gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọkọ̀ ojú irin ti kú. Ní ìlú Èkó, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan rìn nínú ìlú láti 1902 títí di 1933. Ẹni tí ó bá ń rìn ní Èkó lónìí kò ní mọ ibi tí ó máa ń dúró sí. Ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, wọ́n pa ọ̀nà irin ìjọba tì ní àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú díẹ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ní Freetown. Ọkọ̀ kan tí wọ́n kọ́ nítorí ìbẹ̀wò ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní 1961 wà nínú wọn. Ní 2005, ibẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà rí lè lọ fọwọ́ kàn án.

N kò sọ pé kí gbogbo ibùdókọ̀ àtijọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Abúlé wa kò lówó bẹ́ẹ̀. N kò sì sọ pé irin gbọ́dọ̀ máa dípẹtà nínú igbó nígbà tí ènìyàn nílò rẹ̀. Rárá o. Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: ohun tí a jọ ní, ẹ jẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kí ẹnì kan tó gbé e. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ní ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí opó gbọ́ sí i. Bí a bá gbà pé kí irin kan lọ sílé alágbẹ̀dẹ kí ó lè máa rọ ọkọ́ fún gbogbo wa, ó dára. Irin kan náà ni, ilé alágbẹ̀dẹ kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìkójẹ. Èyí jẹ́ àdéhùn.

Kí ni ó kù nípa gbèsè ìyá àgbà? Mo rò pé a kò tíì san án. Irin méjì kò lè san án, bí a tilẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ níwájú ilé. Bóyá ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà san án ni pé kí a má ṣe sí ẹlòmíràn bí wọ́n ti ṣe sí i: kí a má mú ohun tí ẹlòmíràn ń jẹun lórí rẹ̀ kúrò láìsọ fún un.

Nísinsìnyí tí mo bá lọ sí abúlé náà, orí àpótí onígi ni a ń jókòó sí níwájú ilé. Àpótí náà kò le bí irin. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń lọ sọ́nà ọjà, mo máa ń tẹ ìjókòó wa àtijọ́ kọjá lórí omi, gbogbo ènìyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú mi.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

1. Nínú ìdí mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kà, èwo ni ẹ rò pé ó lágbára jù? Kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn?

2. Kí ni ohun àjọní tí ó wà ní ìlú yín tí kò sí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀? Ta ni ó ń lò ó síbẹ̀?

3. Bí ẹ bá ní ohun àjọní kan nílé, ṣé ẹ lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé yín lónìí? Ta ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún?